Tépù Kì Í Ṣe Òrùlé

 

Ọ̀rọ̀ tépù ni a mú wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nítorí tépù, àpò kajú mẹ́ta rin gbingbin nínú yàrá ìyá àgbà wa ní Iyah-Gbede, ọwọ́ wa sì ni ẹ̀bi náà wà. Àwa mẹ́rin tí a jọ kọ èyí, ọmọ-ọmọ ìyá kan náà ni wá. A rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí a tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí a lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì, ìyá àgbà fi òrùlé yàrá ẹ̀yìn hàn wá. Páànù ibẹ̀ ti gbó. Ojú ìṣó ti fẹ̀, ibi tí páànù kan ti gun èkejì sì ti ń lanu. Káfíńtà tó wá wò ó sọ pé páànù méjì ni kí a pa dà, pẹ̀lú igi kan tí omi ti ń jẹ. A ṣírò owó ọwọ́ wa, a rí i pé kò ká a. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò ká a nítorí pé a ti yọ owó aṣọ ẹgbẹ́ àti owó àríyá sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wa ti rí fídíò kan lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan ti gé ihò ńlá sára ike omi, tó lẹ tépù mọ́ ọn, tí omi sì dúró. Bí a ṣe wọ ọkọ̀ lọ sí Kabba nìyẹn. A ra róòlù méjì, a padà wá, a gun òrùlé. Iṣẹ́ náà kò gbà wá tó wákàtí kan. Ìyá àgbà gbàdúrà fún wa títí. A ní, "Ìyá, ẹ fi èyí mú un ná. Bí a bá dé ní Ọdún Àjíǹde, a ó ṣe é dáadáa."

Ọdún Àjíǹde dé, a ò lọ. Ìdánwò wà nílẹ̀ fún àwọn kan nínú wa, owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ àwọn yòókù. Nígbà tí oṣù Kẹrin dé ìdajì, òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Kajú tí ìyá àgbà ti ṣà, tó ti sá gbẹ, tó sì dì sínú àpò mẹ́ta, abẹ́ ibẹ̀ gan-an ló tò wọ́n sí, nítorí àwa la sọ fún un pé ibẹ̀ kò ní jò mọ́. Nígbà tó pè wá, kò pariwo. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá a ti jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sọ pé omi kan kajú òun "díẹ̀". Ẹni tó wá rà á fọ́ mélòó kan wò, ó rí i pé inú rẹ̀ ti ń dúdú, ó sì já owó rẹ̀ wálẹ̀ gidi. Owó kajú yẹn ni ìyá àgbà fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nígbà tí ọ̀kan nínú wa ráyè lọ sílé, ó gun òrùlé lọ wò ó. Tépù náà kò ya, kò sì jó. Ńṣe ló ṣí kúrò bí ewé lára ẹ̀kọ, ó ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Eruku ọyẹ́ ló kún ojú gọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. A ò lẹ tépù mọ́ páànù rárá. Eruku la lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àṣìṣe méjì la ṣe. Èkíní ni pé a ò mọ iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé. Èkejì ni pé a ṣèlérí, a ò mú un ṣẹ. Èkejì yìí ló ń dùn wá jù. Ohun tí a sì fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: tépù kì í tún ilé ṣe, àkókò ló ń rà fún ènìyàn. Ẹni tó bá ra àkókò tí kò fi ṣe nǹkan kan, owó rẹ̀ ti ṣègbé. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ti wa kò tilẹ̀ dúró de ìrì, òjò ẹyọ kan ló tú u.

Kì í ṣe pé a fẹ́ ba tépù lórúkọ jẹ́ o. Ohun tó wúlò ni, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló dá a sílẹ̀. Ìyá kan wà tó ń jẹ́ Vesta Stoudt. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì wà nínú iṣẹ́ ológun ojú omi. Páálí ọta ìbọn ni wọ́n ń dì níbẹ̀, tépù bébà àti ìda ni wọ́n sì fi ń dí i kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n etí bébà tó yẹ kí ọmọ ogun fà láti fi ṣí páálí náà, jíjá ló máa ń já. Ìyá yìí rò ó pé ọmọ tí ọ̀tá ń yìnbọn lù kò ní àyè láti máa fi èékánná họ páálí. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ tí omi kò lè wọ̀ ṣe tépù náà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò ká a sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1943, ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Roosevelt fúnra rẹ̀, ó sì ya àwòrán ohun tó ń sọ sínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson sì ṣe tépù náà jáde. Láti orí páálí ọta ìbọn ni tépù aláṣọ ti dé orí páìpù, orí bọ́kẹ́ẹ̀tì àti orí òrùlé gbogbo ayé.

Ó tilẹ̀ dé inú òṣùpá. Ìtàn yẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiwa yé wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, Eugene Cernan àti Harrison Schmitt wà lórí òṣùpá nínú ìrìn àjò Apollo 17. Wọ́n ní ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi ń rìn kiri. Hámà tó wà lára aṣọ Cernan kọ́ ìbòrí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó sì ṣẹ́ ẹ. Láìsí ìbòrí yẹn, gbogbo eruku tí táyà bá hú ni yóò máa dà lé wọn lórí àti lé irinṣẹ́ wọn. Cernan fi tépù lẹ ìbòrí náà padà. Kò pẹ́ tó fi jábọ́, nítorí eruku òṣùpá kò jẹ́ kí tépù náà di nǹkan kan mú. Lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi balẹ̀, wọ́n kó máàpù mẹ́rin, wọ́n fi tépù lẹ wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì fi irin ìdìmú dì wọ́n mọ́ ibi tí ìbòrí náà ti ṣẹ́. Èyí sì dúró títí wọ́n fi parí iṣẹ́ wọn. Tépù kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló lẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀ lórí eruku, ó gbà lórí ohun tó mọ́. Bí eruku bá lè borí àwọn tó lọ sínú òṣùpá, ta ni àwa tí a gun òrùlé ní Iyah-Gbede nínú ọyẹ́?

Ẹ wò ó dáadáa. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ráyè lọ sílé ni oṣù Kejìlá. Òjò kò sí, a sì rò pé ìgbà tó dára jù láti lẹ òrùlé nìyẹn. Ní ti gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan nínú ọdún tí eruku pọ̀ lórí páànù bí àkókò yẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa nìyẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ti kọ́ lọ́dọ̀ káfíńtà àti nípa ojú tí ó tì wá.

Àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní tépù lọ́jà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Tépù dúdú tí àwọn oníná ń lò, ti wáyà inú ilé ni, kì í ṣe ti òjò. Tépù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí púlọ́ńbà ń lò kò tilẹ̀ ní gọ́ọ̀mù. Ojú ìdè páìpù ni wọ́n ń wé e mọ́ kí wọ́n tó yí i wọlé, ẹni tó bá ń wé e mọ́ ẹ̀yìn páìpù tó ti bẹ́ ń fi àkókò ṣòfò. Tépù aláṣọ tó ní àwọ̀ fàdákà dára fún bọ́kẹ́ẹ̀tì, báàgì, agboòrùn àti ẹ̀yìn ìwé. Ṣùgbọ́n òun àti ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ní ọdún 1998, àwọn olùwádìí ní Lawrence Berkeley ní Kalifóníà dán oríṣiríṣi tépù àti àlẹ̀mọ́ wò lórí páìpù afẹ́fẹ́ tó ń gbóná, tépù aláṣọ yìí ló sì já wọn kulẹ̀ jù. Bí ooru inú páìpù bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ni oòrùn ọ̀sán gangan lórí páànù kò ní ṣe?

Èyí tó tọ́ sí òrùlé ni èyí tó nípọn, tí ojú rẹ̀ ń dán bí irin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà dúdú tó rọ̀ bí ṣingọ́ọ̀mù. Rọ́bà yìí jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe tíúbù táyà. Ojú rẹ̀ tó ń dán ń dá oòrùn padà, rọ́bà rẹ̀ sì ń wọ inú kòtò kéékèèké. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí òǹtajà jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá rọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró di ìgbà tí páànù yóò máa jó ọwọ́. Kí ẹnìkan di àkàbà mú. Orí ìlà ìṣó ni kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni igi wà. Ẹ ha ìpata kúrò. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tó ní sípírítì díẹ̀ nù ún. Fífọ̀ yìí ló gba àkókò jù, òun sì ni a kò ṣe. Ẹ gé tépù náà kó fi bí ìka mẹ́ta kọjá ihò náà níhà gbogbo. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé igun rẹ̀ kó rí róbótó, nítorí igun ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ má fà á gùn. Láti àárín ni kí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wọnú kòtò páànù. Bí tépù yóò bá ju ẹyọ kan lọ, láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ti òkè máa gun ti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń fi koríko bo ilé.

Bí ẹ bá parí, ẹ pọn omi, kí ẹ dà á láti orí òkè òrùlé nígbà tí ẹnìkan wà nínú yàrá tó ń wòkè. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì péré. Ká ní a ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá, kajú ìyá àgbà ì bá má rin.

Àwọn ibì kan sì wà tí tépù kò gbọdọ̀ dé. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bá lè gún páànù náà lu yí ihò ọ̀hún ká, páànù yẹn ti kú, kò sí ohun tí tépù yóò di mú níbẹ̀. Rọ́bà gáàsì ìdáná tó bá sán, pípa dà ni kí ẹ pa á dà lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi tépù dán an wò láé. Wáyà tí òjò ń pa níta, ẹ pe oníná, nítorí iná kì í bẹ̀rù tépù. Táǹkì omi tó bá sán nísàlẹ̀, ẹ rántí pé omi inú táǹkì oní-lítà 1,000 nìkan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ìwọ̀n yẹn ń ti ojú ibẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ní ti páìpù tó ń jò, ẹ kọ́kọ́ ti omi pa, ẹ jẹ́ kí páìpù náà gbẹ, nítorí gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ fà le, tí ẹ sì wé mọ́ ọn gírígírí, yóò mú un dì títí púlọ́ńbà yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ ìlérí. Gbogbo wa tí a ń háyà yàrá nítòsí ilé ẹ̀kọ́ la mọ onílé tó jẹ́ pé tépù ni òrùlé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kìíní, onílé lẹ tépù. Ní ọdún kejì, ó lẹ òmíràn lé e. Ní ọdún kẹta, ó lẹ ẹ̀kẹta, ó sì fi owó kún owó ilé. Gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú la máa ń bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó rò ó, a rí i pé ohun tí onílé yẹn ṣe fún wa gan-an ni àwa ṣe fún ìyá àgbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwa bú onílé, ìyá àgbà sì gbàdúrà fún wa.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Ṣé ẹ mọ iye tí páànù jẹ́ báyìí? Ẹni tó lówó ló ń pa páànù dà. Tépù ni agbára wa mọ." Òótọ́ ni. A ò ní fi àìlówó ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, àwa náà kò ní. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó gan-an ni kò yẹ kó gbàgbé tépù sórí òrùlé. Omi tó ń kán díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ tépù tó ti ṣí ń jẹ igi lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Nígbà tí ènìyàn yóò fi gbọ́, páànù méjì ti di márùn-ún, igi kan ti di mẹ́ta. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó fi tépù bo ẹnu ògiri gbọ́dọ̀ rántí pé ẹnu náà ṣì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a ń dábàá kò le. Èkíní, ẹnikẹ́ni tó bá lẹ tépù mọ́ ilé, kó fi bírò máákà kọ ọjọ́ méjì sí ara rẹ̀: ọjọ́ tó lẹ̀ ẹ́, àti ọjọ́ tí àtúnṣe gidi yóò wáyé. Kó kọ ọ́ sí ibi tí onílé yóò ti máa rí i. Bí kò bá ṣeé rí lórí òrùlé, kó kọ ọ́ sára ògiri yàrá tí ibẹ̀ ń jò sí. Ìlérí ẹnu rọrùn láti gbàgbé. Èyí tí ìyá àgbà ń wò láràárọ̀ kò ní jẹ́ kí oorun kùn ọ́.

Èkejì, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ Gbede yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú ìsinmi oṣù Kejìlá, kí àríyá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pín ara wa, kí a lọ láti ilé dé ilé lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ọmọ wọn kò sí nítòsí. Kí a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ, àkísà, àkàbà àti tépù tó tọ́ dání. Ibi tí tépù lè mú dúró, kí a fọ̀ ọ́ dáadáa kí a tó lẹ̀ ẹ́. Ibi tí páànù ti kú, kí a kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwé yẹn, ẹ̀yin ni a ó fi ránṣẹ́ sí. A ò ní kí ẹ kọ́ ilé tuntun fún ẹnikẹ́ni. Páànù kan láti ọwọ́ ẹnìkan, igi kan láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó kàn gbọ́dọ̀ tètè dé ni. Oṣù Kejì ni kajú ń bẹ̀rẹ̀ sí í já, òjò sì ń dé ní oṣù Kẹrin. Owó tó bá dé ní oṣù Kẹfà, ìṣẹ̀lẹ̀ tó ti kọjá ló bá.

Ní ti ilé tiwa, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá owó jọ. Ọ̀kan nínú wa ta aṣọ ẹgbẹ́ tó rà ní Kérésìmesì. Káfíńtà pa páànù dà, ṣùgbọ́n kì í ṣe méjì mọ́, mẹ́ta ni, igi náà sì ti di méjì. A san án. A da omi sórí rẹ̀, ìyá àgbà dúró nínú yàrá, ó ń wòkè. Ó ní, "Kò kán o, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó gbàdúrà fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú sì tì wá díẹ̀ láti ṣe àmín.

Tépù tó ṣẹ́kù wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti fi lẹ agboòrùn rẹ̀, ó sì ti fi lẹ ẹ̀yìn rédíò. Ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ìwọ tó ń kà á yìí ńkọ́? Ilé ta ni o lẹ tépù mọ́ nígbà tó o lọ sílé kẹ́yìn, ọjọ́ wo lo sì ní o máa padà lọ?